Iléyá Láìsí Àgbò Lágbàlá

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá kì í fara sin nílẹ̀ Yorùbá. Ọkọ̀ akẹ́rù á máa já àgbò sílẹ̀ láti òkè Ọya: Balami funfun tó ga, Uda tí iwájú rẹ̀ dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun, Yankasa tí dúdú yí ojú rẹ̀ ká. Àwọn ọmọdé á so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á máa fà wọ́n kiri àdúgbò, wọ́n á máa wá ẹni tí àgbò rẹ̀ máa bá tiwọn kàn. Àwọn àgbà á máa bi ara wọn pé, "Èló lẹ ra tiyín?" Bí ilẹ̀ ọjọ́ ọdún bá mọ́, ó di Yídì. Lẹ́yìn ìrun, lẹ́mọ́ọ̀mù á kọ́kọ́ dúńbú tirẹ̀ kí oníkálukú tó gba ilé lọ pa tirẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, iná igi ti ń jó lábẹ́ ìkòkò ní gbogbo agbo ilé, àwọn ọmọ sì ti ń gbé abọ́ tí a fi ọmọrí dé láti ojúlé dé ojúlé, títí kan ilé àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ti ń retí ẹran Iléyá láti àárọ̀.

Gbogbo èyí ti mọ́ wa lára débi pé a kì í ronú nípa rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ènìyàn bá kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń rí i pé àwọn ohun kan wà nínú ọdún tí a lè yọ kúrò kí ọdún ṣì jẹ́ ọdún, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí a bá yọ wọ́n, ọdún ti lọ. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tí wọ́n bí sí Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales tó nǹkan bí 271,000. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Mùsùlùmí sì wà nínú àwọn Yorùbá náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n láàárín wọn. Mo fẹ́ mú yín rin inú Iléyá wọn, kí ẹ rí ohun tí wọ́n ń bá yí, kí ẹ sì rí ìdí tí mo fi gbà pé pínpín ẹran ni òpó ọdún yìí, ju àgbò fúnra rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ọdún gan-an ni ìṣòro kìíní. Nílé, ìjọba àpapọ̀ máa ń kéde ìsinmi ọjọ́ méjì. Ní ọdún 2025, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà. Ọ́fíìsì tì ní Nàìjíríà lọ́jọ́ náà, ó tún tì lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ iṣẹ́ bí ọjọ́ iṣẹ́ yòókù ni. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kírun gbọ́dọ̀ ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ tipẹ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá péré sí ọdún ni a ń mọ ọjọ́ tó máa bọ́ sí, nígbà tí oṣù bá lé, ọ̀gá iṣẹ́ sì fẹ́ mọ̀ ní oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú. Àwọn mọ́sálásí pàápàá kì í fìgbà gbogbo fẹnu kò: èyí lè kírun lónìí, kí èkejì kí tirẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá mòye á tọrọ ọjọ́ méjì, kí èyíkéyìí tó bá jẹ́ ọdún má bàa bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ti àwọn ọmọ ilé ìwé rọrùn díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àmì kan wà nínú ìwé ìpè orúkọ wọn, lẹ́tà R, fún ọmọ tí kò wá nítorí ọjọ́ ẹ̀sìn òbí rẹ̀.

Ojú ọjọ́ náà tún ń yí padà. Ọdọọdún ni Iléyá ń fi bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá sún síwájú, a kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ rẹ̀ nílé ju òjò àti ọ̀dá lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 2006 tí ọdún bọ́ sínú òtútù, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà kò ju bí wákàtí mẹ́jọ lọ, ilẹ̀ sì ti ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, oòrùn kò wọ̀ títí ó fi lé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọmọ tó fi agbádá kékeré kírun nínú kóòtù onírun nígbà náà ti lè di bàbá tó ń gbé ọmọ tirẹ̀ lọ sí Yídì nínú ooru.

Ibi ìkírun kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ pápá gbalasa bíi ti Yídì wa. Ọ̀pọ̀ mọ́sálásí ló kéré, torí náà wọ́n á kí i ní ìpele ìpele: bí àwọn kan bá ti parí, àwọn tó tò síta á wọlé. Ní Old Kent Road, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà ra ilé ọtí kan, wọ́n sì sọ ọ́ di mọ́sálásí. Èyí wú mi lórí púpọ̀. Àwọn tó wá síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni láti wá ibi ìforíkanlẹ̀ fún wọn. Wọ́n tu owó jọ, wọ́n rà á, wọ́n sì tún un ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ àgbò ló máa yà yín lẹ́nu jù. Àgùntàn kò wọ́n níbẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 30 ló wà ní gbogbo Ìlú Ọba, ní orí òkè Wales, ní Scotland àti ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irun wọn nípọn, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní ìwo. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ọ̀kan ṣoṣo ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ ọdún. Òfin gba Mùsùlùmí àti Júù láyè láti dúńbú ẹran bí ẹ̀sìn wọn ṣe là á sílẹ̀, láìkọ́kọ́ mú un dákú, àmọ́ inú ilé ìpẹran tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló sì gbọ́dọ̀ di ọ̀bẹ mú. Dókítà ẹran á yẹ̀ ẹ́ wò láàyè, wọ́n á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Bàbá tó bá pa àgbò sẹ́yìn ilé rẹ̀ bí a ti ń ṣe ní Abẹ́òkúta ti rú òfin.

Orí àgbò tí ọ̀pọ̀ ilé ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì náà kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n dá àrùn wèrè màlúù mọ̀ ní Ìlú Ọba ní ọdún 1986, wọ́n ṣe òfin tó le lórí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ẹran. Bí àgùntàn bá ti lé ní oṣù méjìlá, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ agbárí àti ọpọlọ rẹ̀ dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kò gbọ́dọ̀ ta àgùntàn tí wọ́n fi iná jó irun rẹ̀ tí awọ rẹ̀ sì wà lára. Òórùn irun tó ń jóná, tí ẹnikẹ́ni tó dàgbà nílé wa mọ̀ láìsí pé a sọ fún un, kò sí nínú Iléyá Lọ́ńdọ̀nù.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe làyà, ìyẹn pípa ẹran ọdún? Ọwọ́ alápatà ni. Ẹ jẹ́ ká dúró níwájú ilé alápatà kan ní Rye Lane, ní Peckham, ní ọjọ́ díẹ̀ sí ọdún. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn kàǹtà kì í ṣe Yorùbá. Ó lè wá láti Pakistan tàbí Afghanistan. Ṣùgbọ́n ó mọ ṣàkì, ó mọ pọ̀nmọ́, ó sì ń pe obìnrin tó ti dàgbà ní "Mama". Ìwé pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kọ orúkọ sí: orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ pa á fún, nọ́ńbà fóònù, odindi tàbí ààbọ̀, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ kí òun gé e. Orúkọ yẹn ṣe pàtàkì, torí òun ni ẹni tó máa dúńbú á fi ṣe èrò ọkàn rẹ̀ bó ti ń pe orúkọ Ọlọ́run. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ayùn oníná ń ké lórí eegun. Obìnrin kan tó dé ìborùn aláwọ̀ ewé tẹ orí wọ iwájú, ó nàka sí ìwé náà, ó ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, àfi itan ọ̀tún. "Ẹ má fi ẹ̀rọ kan ìyẹn rárá. Ilé àna ọmọ mi ló ń lọ." Ọkùnrin náà kò béèrè ohun tó ń jẹ́ àna. Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé rẹ̀, ó sì pe ẹni tó kàn.

Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ tún mọ irú ẹran tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀dọ́ àgùntàn tí kò tíì pé ọdún kan ni òyìnbó fẹ́ràn, ẹran rẹ̀ sì rọ̀ gan-an. Bí a bá sè é bí a ṣe ń se ẹran nílé, á tú sínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran tí eyín á níṣẹ́ lára rẹ̀ á ní àgbàlagbà àgùntàn ni kí wọ́n fún òun, tó dàgbà tó láti ṣe làyà, tó sì máa dúró nínú epo gbígbóná nígbà tí a bá ń dín in.

Nígbà tí àwọn tó wà nílé ìpẹran bá kírun tán, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹran tó fẹ́ kú pọ̀, òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gbé e kọ́ sínú yàrá òtútù kí ọkọ̀ tó kó o wọ ìlú. Ẹran lè dé ní ìrọ̀lẹ́, ó sì lè di ọjọ́ kejì. Nílé, ẹ̀dọ̀ la kọ́kọ́ ń dín, kí ẹnu tó kan ohunkóhun mìíràn. Níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ máa ń dé nínú ọ̀rá lẹ́yìn tí àlejò ti jẹun tán tí wọ́n sì ti lọ. Torí náà, ẹran tí wọ́n rà lọ́jà ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ọjọ́ ọdún, ẹran làyà sì di ti ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta.

Ọbẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká yẹ inú rẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ìtùnú wà. Ènìyàn ò lè di ẹran sínú àpótí wọ Ìlú Ọba láti Nàìjíríà, ì báà jẹ́ kìlíṣí. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n gbà láyè, dé ìwọ̀n kan. Ẹ̀wà wa pàápàá kò ráyè: ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí Ìlú Ọba ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n bá lára rẹ̀. Iṣu tó kún ọjà Peckham, Gánà ló ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin iṣu tó Nàìjíríà lágbàáyé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ń wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, ìkòkò kò ṣófo. Ata rodo wà ní gbogbo ọjà tí àwọn ará Jàmáíkà ti ń ná, ní Brixton àti ní Ridley Road, torí ata kan náà ni àwọn náà fi ń se tiwọn láti àtijọ́. Ewé tí wọ́n ń pè ní callaloo, tí ìyá Jàmáíkà ń dè ní ìdì ìdì, ìbátan tẹ̀tẹ̀ wa ni. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ gún ata sí i, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni ewédú. Àwọn ará Íjíbítì ń jẹ ẹ́, molokhia ni wọ́n ń pè é, ó sì wà nínú fírísà gbogbo ilé ìtajà Lárúbáwá, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, ó ń dúró de ìjábẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ Iléyá kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ti bá Jàmáíkà, Gánà, Íjíbítì àti Pakistan ra nǹkan kó tó da epo síná. Ohun tí a rò pé ti ilé wa nìkan ni, a bá a lọ́wọ́ àjèjì tó ti mọ̀ ọ́n jẹ kó tó mọ orúkọ wa. Èyí kì í bu ọbẹ̀ wa kù. Ó ń fi hàn pé kì í ṣe àwa nìkan la gbé oúnjẹ ilé wa wá sí òkèèrè.

Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í sì fi àgbò kan ṣoṣo ṣe é mọ́. Bí wọ́n ti ń sanwó fún alápatà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n nílé pé kó bá àwọn ra àgbò. Ẹran tilé yìí ní ìwo, ó ń ké, àwọn ọmọ àdúgbò sì mọ ẹni tó ni ín. Ní àsìkò ooru, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó dọ́gba, kò fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀. Bí Iléyá bá bọ́ sí oṣù Kẹfà, wọ́n á ti Yídì dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á pe ara wọn lórí WhatsApp, ọmọ ọmọ á sì rí i bí bàbá àgbà ṣe dojú àgbò kọ gábàsì. Inú mi máa ń dùn sí àṣà yìí, torí ó ń jẹ́ kí ẹni tó wà lókèèrè ní ìpín nínú abọ́ tó ń ti ilé bàbá rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àgbò tilé ti parí ọ̀rọ̀. Ìlànà làyà ni pé kí a pín ẹran sí mẹ́ta: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ìdá kan fún aláìní. Nílé, ohun gbogbo ló ń ti wa síbẹ̀. Aládùúgbò ti rí àgbò wa láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, ó gbọ́ igbe rẹ̀, ó rí èéfín wa. Àwọn ọmọ aláìní ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Iná mànàmáná kò ṣeé gbára lé, nítorí náà ẹran tí a kò bá pín tí a kò sì dín lọ́jọ́ náà lè bàjẹ́. Kò gba ìpinnu kankan lọ́wọ́ wa. Bí a kò bá tilẹ̀ fẹ́ pín, a máa pín.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ohun tó ń ti ènìyàn síbẹ̀ ti kúrò. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹni tó ń gbé ní fúláàtì tó kọjú sí tiyín kò mọ̀ pé ọdún ń lọ. Ẹran wọlé nínú ọ̀rá, ẹnikẹ́ni kò rí i. Fírísà kì í kú, ẹran odindi àgùntàn lè wà nínú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ilé tó bá jẹ́ kí fírísà gbé gbogbo rẹ̀ mì ti jẹ ẹran, kò tíì ṣe Iléyá. Òfin gba àgbò lọ́wọ́ wọn, ó gba orí rẹ̀, ó gba òórùn irun tó ń jóná, ọdún sì ṣì dúró. Kò sí òfin kankan tó gba ìpín lọ́wọ́ wọn. Bí ìyẹn bá lọ, àwọn fúnra wọn ló yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kò sì yọ̀ǹda rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń di ẹran sínú ike kéékèèké, tí wọ́n ń kọ orúkọ sí orí ìdérí, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ rin wákàtí kan láti gbé ẹyọ ike kan dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ rán lọ kan ilẹ̀kùn ìyá òyìnbó tó ń gbé lókè wọn, pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹran díndín, tó sì dúró síbẹ̀ tó ń ṣàlàyé ìtàn Ànábì Ibrahim láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó fi abọ́ lé e lọ́wọ́. Ọmọ yẹn kò rí àgbò rí, àfi nínú fóònù. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ọdún máa ń ní abọ́ tí ènìyàn ń gbé jáde, ó sì ti mọ ìdí rẹ̀. Ó ti mọ Iléyá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún yín. Bí wọ́n bá pè yín láàárọ̀ ọdún, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ju "Ṣé ẹ ti jẹun?" lọ. Ẹ bi wọ́n pé ilé ta ni itan ń lọ, ta ni ó máa jẹ igẹ̀, ta ni aláìní tí wọ́n rántí. Ẹ pe ọmọ ọmọ yín wá sídìí fóònù, kí ẹ fi ara àgbò hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ẹni tó ni oríkèé kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí yín àti ohun tí ẹni náà ṣe fún yín tí ẹ fi ń fún un. Alápatà lè bá wọn pa ẹran, ará Jàmáíkà lè ta ẹ̀fọ́ fún wọn, ará Íjíbítì lè ta ewédú fún wọn. Ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé ẹran fún, ẹ̀yin nìkan lẹ lè kọ́ wọn. Ẹ kọ́ wọn nígbà tí ohùn yín ṣì ń dún lórí fóònù.